Ọdún Tí Mo Tọrọ Funfun Lọ́wọ́ Lékeléke

Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, mo máa ń wọ bàtà rọ́bà mi, màá gba ẹ̀yìnkùlé jáde sínú ìgbẹ́ tó ṣẹ́ kù ní Àrádágún, màá sì rìn títí n ó fi dé etí omi. Ìgbẹ́ tó ṣẹ́ kù ni mo wí, nítorí àwọn oníyanrìn àti àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti jẹ ìyókù. Àwọn àlejò tó kó dé láti Èkìtì àti Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oṣù lójú ọ̀nà márosẹ̀, máa ń kí mi tìfura-tìfura: "Ẹ káàárọ̀, Mà. Kí lẹ máa ń lọ wá níbẹ̀ lójoojúmọ́?" Mo ní ẹyẹ ni mò ń wò. Wọ́n á bojú wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń wá ẹyẹ kiri inú ìgbẹ́, ẹyẹ tirẹ̀ ló ń wá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa bẹ̀rù mi. Nígbà tí wọ́n tún ti bodè láìpẹ́ yìí, tí kòrónà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, àwọn kan náà yìí ló ń tẹ̀ lé mi wọ ìgbẹ́ nígbà tí ilé sú wọn, tí wọ́n ń nàka sókè: "Mà, ẹyẹ wo nìyẹn?" Mo dá wọn lóhùn lórí gbogbo ẹyẹ, àfi ẹyọ kan. Bí lékeléke bá ti ń kọjá, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ọdún tí mò ń sọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, agbo ilé Bàbá la sì ń gbé, ìyẹn bàbá tó bí ìyá mi, ní abúlé kan létí ọ̀sà, láàrin Àgbádárìgì àti ẹnu bodè. Ọdún náà ni àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ti bodè gbọin-gbọin, wọ́n ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnì kan kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó ṣe òfin yẹn kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n lè wà níhìn-ín kí àbúrò wà lọ́hùn-ún, pé Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì bodè sún mọ́ wa ju Èkó lọ, ibẹ̀ la ti ń ra iyọ̀, ibẹ̀ la ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ la ti ń lọ sìnkú. Tàbí ó mọ̀, kò kàn jẹ ẹ́ lógún ni. Bàbá tó bí mi, tíṣà ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ tíṣà dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún kan náà, wọ́n sì ti ilé ìwé wa pa. Ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó kọ lẹ́tà méjì, ó wá dákẹ́. Ó ti lọ tán kí Màámi tó mọ̀ pé òun lóyún.

Tí mo bá dijú, ohùn agbo ilé yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun. Òkun ń hó lódìkejì ọ̀sà bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Àwọn obìnrin ń ha àgbọn, ó ń dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Ẹ̀gà ń ké lórí ọ̀pẹ ẹnu ọ̀nà, wọn kì í sinmi. Wọ́n máa ń ya imọ̀ àgbọn wa wẹ́lẹ́-wẹ́lẹ́ láti fi kọ́lé tiwọn, síbẹ̀ Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Á ní, "Ilé tí ẹ̀gà bá ti ń pariwo, èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀." Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n pọnmi, kí n sì sá èèpo àgbọn tá a fi ń dáná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bodè ti ní ọkọ̀ ojú omi kankan kò gbọdọ̀ rìn lórí ọ̀sà, nítorí náà, àwa tá a ń gbé létí omi kò rí ẹja jẹ. Gaàrí àti àgbọn láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́yọ̀ lálẹ́, mọ́yọ̀ tí kò rí ẹja rí, ata àti àlùbọ́sà lásán nínú omi. Nígbà tó yá, àlùbọ́sà náà ò sí mọ́. Bàbá á fi ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹ odindi àgbò, á ní, "Ganji." Ó túmọ̀ sí pé ó dára ní èdè Ègùn, èsì tí Bàbá sì máa ń fọ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe òkú.

Nígbà tó di pé ebi ń pa oyún inú rẹ̀, Màámi bọ́ sẹ́nu fàyàwọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù, kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀gá kankan. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n, oníkálukú ru ìwọ̀nba ìrẹsì tí orí rẹ̀ lè gbé, wọ́n ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú àbàtà láti ọ̀hún wá sí ìhín. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń rìn, nítorí òru ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dọdẹ àwọn ẹlẹ́rù. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, àwọn ẹ̀ṣọ́ á lọ jẹun, wọ́n á sì sùn. Ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ fẹ́ lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, etígbọ̀ọ́ mi ló ti sọ ọ́: "Bàbá, ẹ bá mi mójú tó Sẹ̀nàmi. Ẹ máa mú u dání tẹ́ ẹ bá ń lọ sínú ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa wo ẹyẹ, kó lè gbàgbé ebi." Èmi ni Sẹ̀nàmi yẹn. Bàbá ní, "Ganji, dìde."

Bàbá ti jẹ́ ẹni tí kò sí irú rẹ̀ nínú gígun àgbọn ní gbogbo abúlé wa, kó tó já bọ́ lọ́jọ́ kan tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi bàjẹ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Èyí ló mú kí ìrìn wa lọ́ra tó fi jẹ́ pé àwọn ẹyẹ kì í tètè sá fún wa. Òun ló fi àkókó hàn mí, tó ń gbẹ́ ara igi gbígbẹ, ó ní, "Káfíńtà tí kì í béèrè owó iṣẹ́." Ó fi àtíòro hàn mí, tó ń fò bí ẹni tó ń tu ọkọ̀, á ju apá, á sinmi, á tún ju apá. Ẹ̀lúlùú ń ké nínú koríko bí òjò bá ṣú. Tí mo bá sín in jẹ, Bàbá á ní kí n panu mọ́, pé òjò tí ẹ̀lúlùú bá fà, orí ara rẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ẹyẹ kékeré kan sì wà létí omi, aláwọ̀ aró, ẹnu rẹ̀ pọ́n, tó máa ń jókòó sórí ọ̀pá tí àwọn apẹja pa tì, á wò, á wò, á já sómi pọ́ńkán, á gbé ẹja jáde. Bàbá máa ń tẹjú mọ́ ọn tìlara-tìlara. "Wò ó," ni yóò wí, "kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ojoojúmọ́ ni, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Kí n má purọ́ fún yín, mo gbádùn ọdún yẹn, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù lọ. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àgbà, bàbá mi sọnù, ìyá mi ń fẹsẹ̀ oyún gba inú ẹrẹ̀, èmi ń ka ẹyẹ, inú mi ń dùn.

Ibi kan náà ni ìrìn wa máa ń parí sí lọ́sàn-án, lẹ́bàá òkìtì iyanrìn kan tó dojú kọ àbàtà. Orúnkún Bàbá kò jẹ́ kó lè gun òkìtì náà. Ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó, nídìí kùkùté àgbọn kan, á máa fi àdá bó àgbọn. Èmi ló ń gun òkè. Láti òkè yẹn, gbogbo àbàtà ni mo máa ń rí, lékeléke á funfun lórí rẹ̀ lọ súà. Bàbá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, ó sì ní kí n kà á fún òun lójoojúmọ́ bí ẹní ka kátíkísìmù: tí lékeléke bá fò láàárọ̀, ibi iṣẹ́ ló ń lọ; tó bá fò nírọ̀lẹ́, ó ń lọ sùn; ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án gangan, èèyàn ló lé wọn, èèyàn náà kò sì rọra rìn. "Má kígbe," ló wí. "Má pè mí. Sáré sọ̀kalẹ̀, fọwọ́ kàn mí léjìká." Mo rò pé eré la jọ ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sáré wá fọwọ́ kàn án, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló fi ẹ̀yìn àdá lu kùkùté náà, kó, kó, kó. Mi ò mọ̀ pé àwọn obìnrin mẹ́rin kan wà nínú koríko tí wọ́n ń tẹ́tí sílẹ̀ fún un, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ títí àwọn ẹ̀ṣọ́ á fi kọjá. Lékeléke kì í sá fún àwọn obìnrin yẹn, ó ti mọ̀ wọ́n. Bàtà àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń sá fún. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Wọ́n ní ọmọdé ni mí, pé tí mo bá mọ̀, màá sọ ọ́ lójú omi.

Ẹ̀kọ́ mìíràn sì ti wà lára mi kí Bàbá tó kọ́ mi ní tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ọmọdé ń ṣe tí lékeléke bá gba orí rẹ̀ kọjá? Á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa fi èékánná fa èékánná, á máa fi orin bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní díẹ̀ nínú funfun wọn. Bó bá wá di ọjọ́ mélòó kan, tí àmì funfun yọ lójú èékánná, olúwarẹ̀ á máa fi yangàn káàkiri. Bàbá mi tíṣà ló kọ́ mi, kó tó lọ. Òun ló tún fi kún un pé ọmọ tí lékeléke bá fún ní funfun, ohun tó ń retí yóò dé. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ dá mi lára yá ni. Bàbá, tó jẹ́ Ègùn, kò mọ̀ nípa èyí. Nínú ilé tirẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Màámi tún lọ sí Àjàṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Òjò ti fọ gbogbo nǹkan mọ́ lóru, ọ̀sán náà mọ́ gaara. Kí Màámi tó lọ, mo ti gbọ́ tó ń sunkún nínú yàrá, tó ń sọ fún Bàbá pé ó dà bíi pé ọkọ òun kò ní padà wá mọ́, Bàbá kò sì rí "ganji" fọ̀. Mo wà lórí òkìtì, ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi. Lójijì, lékeléke dìde. Gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ìṣáájú, ọ̀nà òkun ni wọ́n gbà lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọrí sí tààrà, wọ́n wá fò kọjá lórí mi, wọ́n wálẹ̀ débi pé mo ń gbọ́ ìró apá wọn. Háà! Èjìká Bàbá fò lọ lọ́kàn mi pátápátá. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń fa èékánná mi, mo ń bẹ̀ wọ́n. Mo tiẹ̀ rántí pé Bàbá ní kí n má kígbe, mo wá ń kọ ọ́ wúyẹ́-wúyẹ́. Mo dárúkọ bàbá mi fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí èyí tó kẹ́yìn fi kọjá, lẹ́yìn náà ni mo fẹ̀rín sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Bàbá, gbogbo wọn ló gba orí mi kọjá!"

Àgbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà wo?" ló béèrè. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé àdá, ó lu kùkùté lẹ́ẹ̀kan. Kó tó lu ẹ̀ẹ̀kejì la gbọ́ ìbọn. Òkè ni àwọn ẹ̀ṣọ́ yìn ín sí, kò ba ẹnikẹ́ni, àwọn obìnrin mẹ́ta sì sá wọ inú koríko. Màámi ló wà níwájú, oyún kò jẹ́ kó lè sá. Wọ́n gba ìrẹsì lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fi ìdí ìbọn gbá a ní ìbàdí, nítorí ó dì mọ́ àpò náà. Ilẹ̀kùn ni àwọn ará abúlé fi gbé e wálé. Oyún oṣù mẹ́fà bọ́ lára rẹ̀ lójú agbo ilé, ọkùnrin ni, kò sì bímọ mọ́ láyé rẹ̀. Ẹni tó gbá a lè wà láàyè lónìí, ó lè máa gba owó ìfẹ̀yìntì, ó lè máa gbé ọmọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, èmi ò sì tíì dárí jì í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn yí Bàbá ká. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò lu igi? Kí ló ṣe yín?" Ẹ̀yìn ìkòkò omi ni mo sá pamọ́ sí. Bàbá wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Oorun ló gbé mi lọ." Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́. Ariwo tó sọ lágbo ilé lọ́jọ́ náà bo ti ẹ̀gà mọ́lẹ̀. Nígbà tó kù àwa méjì, ó fa etí mi mọ́ra jẹ́jẹ́, ó ní, "Èyí tó o ṣe, o ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ. Ìwọ lọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Jẹ́ kó lè máa wò ẹ́ lójú." Mo ṣe bó ti wí. Láti ọjọ́ náà, "Bàbá Olóorun" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa hanrun. Ọkùnrin tó gun àgbọn fún odindi ìlú! Màámi kò pè é lórúkọ ẹlẹ́yà rí. Ohun tó ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, á kúnlẹ̀ bó ti yẹ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún mẹ́rin ni. Èmi ni mo ń bá Bàbá rìn nínú ìgbẹ́ ní gbogbo ọdún mẹ́rin náà, a kì í sì dé ìdí òkìtì mọ́. Mo lè la ẹnu mi nígbàkígbà, mi ò là á. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Irọ́ ni. Tèmi kò dákẹ́ rí.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ìbàdí yẹn kò sì jẹ́ kó lè rìn jìnnà. Lásìkò kòrónà, a jókòó sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án kan, à ń ṣa ẹ̀wà. Lékeléke gba òkè kọjá, ọmọdébìnrin ilé kejì sì sáré jáde, ó na ọwọ́ sókè, ó ń fa èékánná. Mo bojú wolẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Màámi, Bàbá kò sùn lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀," ni Màámi wí. Kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀wà. "Mo rí ẹ. Mo rí ẹ lórí òkìtì, o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo rò pé o ń juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀ ni. Inú mi dùn. Mo bá dìde dúró nínú koríko tá a ba sí."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń bínú sí Bàbá, Mà? Ẹ jẹ́ kó kú pẹ̀lú ẹ̀sùn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ le bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Kò mọwọ́mẹsẹ̀ kẹ̀? Mo ní kó mú ọmọ mi lọ wo ẹyẹ. Ṣé mo ní kó fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣọ́ ẹ̀mí mi? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tìẹ wọ́ níṣojú rẹ̀." Ó ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù. "Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Mo ti délẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́."

À ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ọmọdébìnrin yẹn ti wọlé, ojú ọ̀run ti ṣófo. Màámi na ọwọ́, ó fa ọwọ́ òsì mi mọ́ra, ó ń wo èékánná mi níkọ̀ọ̀kan.

"Ṣé wọ́n tiẹ̀ fún ẹ ní funfun náà?"

"Wọ́n fún mi, Mà. Ẹyọ kan, lórí àtàǹpàkò."

"Bàbá rẹ ò sì dé."

"Kò dé, Mà."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ní kí n lọ gbé ẹ̀wà kaná.